Alùpùpù Tí Kì Í Mu Epo

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n sapá tó láti gbàgbé rẹ̀. Ká ní èmi nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀ ni, mi ò bá ti gbé e pamọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ìyàwó mi wà níbẹ̀, wọn kò sì lẹ́nu ìpamọ́ rárá. Bí àlejò bá ti mu omi tán nílé wọn báyìí, wọ́n á ní, "Ṣé Bàbá Ìbejì ò tíì sọ ti alùpùpù fún yín ni?" Nítorí náà, kí wọ́n tó fi tiwọn kún un, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Olùkọ́ ni mí. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn, torí òun ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n débi tí apá mi ò ká a mọ́, mo ta ọkọ̀ mi àtijọ́, mo fi ra alùpùpù oníná, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ iná bí ẹni so fóònù. Dúdú ni, ó ń dán, kì í pariwo, kì í rú èéfín. Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa ní Festac bá pè é ní ọ̀kadà, inú á bí mi. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé epo, màá rọra dín eré kù, màá juwọ́ sí àwọn tó tò síbẹ̀. Ẹ ò rí i bí ìgbéraga ṣe ń wọlé síni lára!

Ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ ni àpótí kan tó wà lábẹ́ ìjókòó. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Bọ́tìnì ni mo máa ń tẹ̀, iná á sì ṣí i fúnra rẹ̀, táà! Nígbà mìíràn, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lásán.

Alákijà ni Bàbá àti Màmá ń gbé. Bàbá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń lò. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wá fojú hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, kí wọ́n lè mọ àwọn tó ṣì wà láàyè. Ẹni tí kò bá yọjú, òkú ni lójú wọn, owó rẹ̀ á sì dúró. Bàbá ti lọ ṣe ìpàdé ẹbí ní Ìjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ó ku ọjọ́ kan péré, agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní kí n bá Bàbá wá takisí. Mo ní, "Takisí kẹ̀? Èmi tí mo wà láyé yìí?"

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin tí a ti rí iná gbẹ̀yìn nílé wa, torí tírànsífọ́mà àdúgbò ti bẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti gba iná sí alùpùpù mi, ó kún fọ́fọ́. Màmá Ṣọlá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi ta fóònù mi yìí jí díẹ̀?" Ta ló máa sọ pé rárá? Nílé tiwa, bí ẹnì kan bá ní iná, iná gbogbo ilé ni. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé jáde, mo so ó mọ́ bátìrì, mo wá kígbe sókè pé, "Ẹ máa gbé e bọ̀ o!"

Wọ́n gbé e bọ̀ lóòótọ́. Fóònù kún ilẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì dé, rédíò dé, fáànù ọmọ tuntun tó wà lókè náà dé. Ìyàwó mi gbé ẹ̀rọ ìlọta wá, ó lọ ata ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ká tó mọ̀, ẹnì kan ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí àgbàlá, a sì jókòó ti bọ́ọ̀lù. Gbogbo ilé ń ṣàdúrà fún mi, orí mi sì ń wú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wo ojú alùpùpù, ó fi igi mẹ́ta hàn mí nínú igi mẹ́rin tó ń sọ bí iná ṣe kù tó. Mo ní ó ti tó. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ pé bátìrì tó bá sinmi mọ́jú máa ń purọ́, pé ìgbà tí ẹ bá gbé ẹrù lé e lẹ ó tó mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Mo fi ṣe ìbéèrè ìdánwò pàápàá. Àwọn tí kò gbà á, mo pè wọ́n ní olódo.

Ó ti ń lọ sí agogo kan ọ̀sán kí n tó dé Alákijà, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ti wọ bùbá funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì há ìwé iṣẹ́ wọn sábíyá nínú àpò ìwé ńlá kan. Wọ́n yí alùpùpù náà po.

"Kí ló ń mu?"

"Kì í mu nǹkan kan, sà. Iná lásán ni."

"Iná ìlú wa níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Hmm. Ṣé kí n má kúkú wọ kẹ̀kẹ́ márúwá?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òní lẹ ó mọ̀ pé ẹ ní àna."

Màmá rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé pé, "Ẹ jẹ́ ó gbé yín, ṣùgbọ́n ẹ dì í mú o." Mo gba ìwé lọ́wọ́ Bàbá, mo fi í sínú àpótí, mo pa á dé, a sì gbéra.

Wàhálà alùpùpù tí kì í pariwo ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a wọ Festac, àwọn èèyàn kàn ń rìn gbẹ̀fẹ́ láàárín títì. Fèrè rẹ̀ náà ò sì ju ohùn òròmọdìẹ lọ. Ni Bàbá bá sọ ara wọn di fèrè: "Ẹ yà o! Ẹ yà fún àna mi o!" Bí wọ́n ṣe ń ké lọ nìyẹn, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Mo tan orin sí i. Igi mẹ́ta di méjì, mi ò kà á sí. Bí a ṣe súnmọ́ Apple Junction, ó di ẹyọ kan. Kí n tó ṣẹ́jú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Kò wúkọ́, kò hó, ó kàn dúró. Bàbá ní, "A ti dé ni?"

"Rárá, sà. Iná ló tán."

Agogo kan ti lù. Bàbá ò bínú, wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀. "Kò burú. Mú ìwé mi wá, kí n wọ kẹ̀kẹ́ lọ." Mo tẹ bọ́tìnì àpótí. Mo tún un tẹ̀. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Òógùn bò mí.

"Bàbá, iná ló ń ṣí i, sà."

"Iná wo?"

"Èyí tó tán yẹn, sà."

Wọ́n fọwọ́ lu ìjókòó náà. "Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa fi iná ti ìwé onìwé mọ́lé?"

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà lódìkejì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń hó níwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló wà lórí àga, òun náà ń lọ síbi àyẹ̀wò yìí kan náà, ó sì fẹ́ kí orí òun dán fún fọ́tò. Mo bẹ onígbàjámọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fẹ́ fi gba iná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní wúwo jù fún jẹ́ẹ̀nì mi báyìí?"

Mo gbé àyà sókè. "Olùkọ́ físíìsì ni mí."

Mo so ó. Jẹ́ẹ̀nì náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rú èéfín dúdú, ó sì kú. Ẹ̀rọ ìfárí náà dúró gbagidi láàárín orí bàbá arúgbó. Apá ọ̀tún ń dán gbinrin, apá òsì funfun bí òwú. Onígbàjámọ̀ fa okùn jẹ́ẹ̀nì títí, kò gbọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Olùkọ́ kí lẹ ní ẹ jẹ́?"

Bàbá arúgbó fọwọ́ pa orí lọ, ó pa á bọ̀, ó wo dígí, ó ké, "Mo gbé!" Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Bàbá ìyàwó mi ló bọ́ fìlà orí wọn, wọ́n dé e fún un, wọ́n ní, "Alàgbà, ẹ má bínú. Ọmọ mi ni. Ó gbọ́n, iná ni kò gbọ́n." Títí di òní, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó.

Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gbé alùpùpù, ìwé sì wà nínú rẹ̀, a kàn ní láti tì í ni. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ká apá bùbá sókè, wọ́n bọ́ sẹ́yìn. Alàgbà náà ní, "Èmi náà ń bọ̀. Ẹni tó bà mí lórí jẹ́, kò ní sá mọ́ mi lọ́wọ́." Bí àwa mẹ́ta ṣe ń tì í lọ nínú oòrùn nìyẹn. Oníkẹ̀kẹ́ kan yọ orí, ó ní, "Bàbá, ṣé epo tán ni?"

Bàbá dáhùn láàárín ìmí pé, "Kì í mu epo!"

Ìgbà tí a máa fi dé gbọ̀ngàn, agogo méjì ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan ń ti géètì. Ó ní, "Ẹ máa bínú, sà. A ti ṣíwọ́. Orúkọ yín ti wà lára àwọn tí kò yọjú." Oògùn Màmá ló wá sí mi lọ́kàn, àti ẹ̀rín tí wọ́n rín lójú fèrèsé. Èmi ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní, "Mà, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ má fi ìyà mi jẹ bàbá yìí."

Bàbá nu òógùn ojú. Wọ́n yíjú sí obìnrin náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ kí n wá fi hàn ọ́ níbí?"

"Pé ẹ ṣì wà láàyè, sà."

"Ó dáa. Láti Apple Junction ni mo ti ń ti nǹkan yìí bọ̀. Nínú gbogbo òkú tó o ti rí, èwo nínú wọn ló ti alùpùpù rí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó jẹ́ kí n so alùpùpù mọ́ iná wọn, nígbà tó ṣe díẹ̀, àpótí ṣí, ìwé jáde, wọ́n sì kọ orúkọ Bàbá mọ́ àwọn alààyè. Ó kan alàgbà. Ayàwòrán ní, "Ẹ ṣí fìlà, sà." Alàgbà wo èmi, ó wo ayàwòrán, ó ṣí i. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, alàgbà fúnra rẹ̀ sì bá wọn rín in.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò sí nínú ìwé físíìsì kankan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣoore fún àgbà, ẹ ṣe èyí tí wọ́n nílò, ẹ má ṣe èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe fáàrí. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni Bàbá bá mi sọ kí a tó gbéra, ṣebí mo fi etí méjèèjì gbọ́ ọ.

Nígbà tí àyẹ̀wò tún dé, èmi ni mo kọ́kọ́ pe Bàbá lórí fóònù. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé mo ti bá wọn wá takisí sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Takisí kẹ̀? Bí wọ́n bá wá ní mo ti kú ńkọ́, kí ni mo fẹ́ tì?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ ìtìjú ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà.