Ìwé Tí Yóò Bá Eustache Tọrọ Ìyàwó

Ní etí ọjà Dassa, níbi tí òjìji òkè ti ń bo ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Ràhímọ́tù tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ṣàkírù tẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì àlòkù sílẹ̀. Ṣakí ló ti kàwé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Eustache onízém, tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Paouignan, sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ṣàkírù. Gẹ̀ẹ́sì ni mo wá rà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Gẹ̀ẹ́sì wo? Ti ilé ìwé ni àbí ti ibi iṣẹ́?"

"Ti ìfẹ́ ni."

Ìyá Ṣàkírù sún awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ta ni?"

"Justine, ọmọ àdúgbò Kèrè níbí, tí wọ́n bí sí Kumasi. Ó ń gbọ́ èdè wa lẹ́nu, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè kà. Ọjọ́ Ajé ló ń padà lọ. Ó ní kí n kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sórí fóònù, kí òun rí i kà dáadáa. Ọkùnrin kan sì wà ní Kumasi tó ń kọ̀wé sí i, gígùn bí ọ̀nà Parakou. Èmi, 'yẹ́ẹ̀sì' nìkan ni mo mọ̀."

"'Yẹ́ẹ̀sì' kò burú. Ìgbéyàwó púpọ̀ ló dúró lé e lórí."

"Òun ló yẹ kó sọ ọ́, Ìyá Ṣàkírù, kì í ṣe èmi!"

Eustache bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìwé ńlá kan, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń yan iṣu.

"Èyí ńkọ́? Ó wúwo. Gẹ̀ẹ́sì á pọ̀ nínú rẹ̀."

"Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń bá ìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí o tó tò wọ́n tán, Justine á ti bímọ ní Kumasi."

"Èyí tó tín-ín-rín yẹn ńkọ́?"

"Gírámà. Ohun tí kò yẹ kéèyàn sọ ló kún inú rẹ̀. Ìwọ tí o kò tíì sọ nǹkan kan, kí ló fẹ́ bá ọ tún ṣe?" Ó fa ìwé aláwòrán kan yọ. "Gba èyí. Ibi tí ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí àgbà náà ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"'Ewúrẹ́ wa ń jẹ koríko.'"

"Ṣé ìyẹn ni kí n kọ sí obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́?"

"Ó kéré tán, á mọ̀ pé o ní ewúrẹ́."

"Mi ò ní ewúrẹ́!"

"Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ fi le."

Eustache fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà tọkàntọkàn, kò sì mọ bí yóò ṣe kọ ọ́. Ìyá Ṣàkírù wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é. Ó tú ìsàlẹ̀ òkìtì ìwé, ó mú ọ̀kan tí èèpo rẹ̀ ti bó jáde.

"Jókòó. Èyí ló kọ́ àwa ní lẹ́tà kíkọ. Àpẹẹrẹ ló kún inú rẹ̀. O kàn máa fi orúkọ tìrẹ sí i ni."

"Voilà! Ẹ ka ọ̀kan fún mi."

"'Ó dùn mí gan-an láti gbọ́ nípa ikú bàbá yín.'"

"Bàbá rẹ̀ wà láàyè!"

"Sùúrù. Èyí rèé! 'Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ tọrọ ipò tó ṣófo lọ́dọ̀ yín.'"

"Ṣé kì í ṣe ti ẹni tó ń wá iṣẹ́ nìyẹn?"

"Eustache, bí àwọn àgbà bá lọ sílé àna, ṣé wọ́n á dúró gbagidi, kí wọ́n ní 'ẹ kó ọmọ yín wá'? Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ ni, wọ́n á tọrọ. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ará Kumasi yẹn, orí ìdúró ló wà tó ń fọ́nnu. Lẹ́tà yìí ti dọ̀bálẹ̀ ní tiẹ̀. Àbí ipò ọkọ kò ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Ó ṣófo."

"Kọ ọ́."

Eustache jókòó sórí alùpùpù. Ìyá Ṣàkírù ń túmọ̀ lẹ́tà náà fún un, ó ń pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Eustache ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, òógùn bò ó.

"Wọ́n ń béèrè ìrírí. Ṣé kí n dárúkọ Marlène tí mo ń bá rìn tẹ́lẹ̀?"

"Má dárúkọ ẹnikẹ́ni! Kọ ọ́ pé o kò ní ìrírí, ṣùgbọ́n o ṣetán láti kọ́ṣẹ́."

"Ìlà tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"'Mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó ọ̀gá.'"

"Ta ni ọ̀gá?"

"Ṣáà kọ ọ́. O máa mọ̀ ọ́n."

Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Eustache na fóònù sí Ìyá Ṣàkírù, ó yíjú sí òkè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

"Ẹ bá mi kà á. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ó ní: 'A ti rí ìwé yín gbà. Ẹni tó ń kọ̀wé sí mi láti Kumasi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí, kò sọ níbì kankan pé òun lè gba àbójútó. Ẹ mú bàbá yín wá sí Kèrè lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì, fún ìdánwò ẹnu.'"

Eustache fò sókè, ó lọgun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ewúrẹ́ inú ìwé mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó rọra padà jókòó, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ìyá Ṣàkírù."

"Kí tún ni?"

"Tí wọ́n bá gbà mí síṣẹ́ yìí, ṣé lẹ́tà tí wọ́n fi ń tọrọ ìsinmi wà nínú ìwé náà?"

Ìyá Ṣàkírù ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ó wà níbẹ̀. Èsì rẹ̀ ni wọn ò kọ."