Fẹ́hìntọ́lá Fi Orin Faransé Kí Ìyá Ọkọ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Orin tó bá dùn létí, ká bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ká tó fi kí àna"? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ Fẹ́hìntọ́lá ni.

Aránṣọ ni Fẹ́hìntọ́lá ní Ìdí-Ìrókò, létí ààlà. Ọmọkùnrin ará Kútọnu kan, Máwutín, ló fẹ́ fi í ṣaya. Máwutín gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ju Fọ̀n àti Faransé lọ. Fẹ́hìntọ́lá ní òun kò ní máa wo ìyá ọkọ òun lójú bí odi. Rédíò òkè ààlà sì ń kọ orin Faransé kan lójoojúmọ́, ohùn obìnrin tó ń kọ ọ́ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Ohùn tó tutù báyìí? Ìkíni ni. Àdúrà ni." Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Kò mọ̀ pé orin obìnrin tó ń kọ ọkọ sílẹ̀ ni.

Wọ́n dé Kútọnu. Máwutín ṣì ń tú ẹrù lórí ọ̀kadà níta nígbà tí Fẹ́hìntọ́lá wọlé, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú ìyá, tó rẹ́rìn-ín: "Jẹ mọ́n fẹ̀!"

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Èmi ń lọ o!"

Ìyá ta gìrì. Kí ni wọ́n fi ṣe é tó fi ń lọ láì tíì jókòó? Ó fà á sórí àga, ó sáré gbé àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, àti ẹja díndín wá. Fẹ́hìntọ́lá ní kí òun dúpẹ́: "Sẹ́ finí!"

Ìyẹn ni pé, "Ó ti parí!"

Omi bọ́ lójú ìyá. Fẹ́hìntọ́lá rò pé ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún, ló bá fi ìparí orin náà súre fún un: "Nẹ pulẹ́ pà! Gáàdì lẹ ṣíẹ́n!"

Ìyẹn ni pé, "Má sunkún! Mo fi ajá sílẹ̀ fún ọ!"

"Ajá wo?" ni ìyá ń pariwo lédè tirẹ̀. Àwọn ará ilé tú jáde. Ẹnì kan gba báàgì Fẹ́hìntọ́lá kó má baà lọ, ẹlòmíràn ń wá ajá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Máwutín já wọlé. "Kí lo sọ fún màámi?"

"Mo kí wọn ni! Mo tún súre fún wọn!"

"O ní o ti kọ̀ mí sílẹ̀!"

Nígbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tán, ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọ tó lè há odidi orin sórí nítorí òun, òun náà á fi Yorùbá kí àwọn òbí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdána kò. Bàbá Fẹ́hìntọ́lá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, tẹ́nikẹ́ni kò rí eyín rẹ̀ rí, jókòó láàárín ẹbí. Ìyá Máwutín bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra sọ gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó rí kọ́ nínú orin rédíò:

"Bàbá, mi ìdí!"

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àna ni, àlejò ni, orí ìkúnlẹ̀ ló sì wà tó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá ṣí fìlà, ó dìde, ó mi ìdí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tó jókòó padà, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Orin tó bá dùn létí, ẹ bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi kí àna."