Atọ́júmásọnù àti Ogún Mọ́tò Rẹ̀

Ẹ máa wo ọ̀gá ilé-ìwé kan báyìí, Atọ́júmásọnù, ọkọ ohun-ìní, baba àpótí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi oríkì yìí ki ara rẹ̀. Ó ní láti kékeré lòun ti ń febi pa inú ra mọ́tò ìṣeré, ó pé ogún, ẹyọ kan ò sọnù. Ọmọ tó bá sọ pẹ́ńsùlù nù, ìtàn mọ́tò yìí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gba ẹgba.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ ni. Mọ́tò ìṣeré tirẹ̀ sọnù nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Bọ́ọ̀sì pupa kan ni, ohun tí bàbá wọn rà fún un kẹ́yìn kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló bá a wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó sì nà án pé kò mọ nǹkan tọ́jú. Ó ti lé ní ogójì ọdún, obìnrin náà ò tíì dárí ji ara rẹ̀.

Ọ̀gá wá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń kọ́ ilé-ìkàwé, ó sì wù ú kí wọ́n kọ orúkọ òun sí iwájú rẹ̀. Ló bá ní òun ó pàtẹ mọ́tò lọ́jọ́ ìpàdé òbí, kí wọ́n lè mọ irú èèyàn tí òun í ṣe. Ó ṣí àpótí tí ẹnikẹ́ni ò fojú kàn rí, ó kun gbogbo mọ́tò lọ́dà tuntun. Ṣùgbọ́n ogún kéré lójú rẹ̀. Ó pe káfíńtà, ó ní kó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, kó tẹ́ dígí sábẹ́ rẹ̀, kí ogún lè dà bí ogójì.

Káfíńtà rọra sọ fún un pé dígí á máa fi ìdí mọ́tò hàn.

“Ta ní ń wo ìdí?” ni ọ̀gá wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Tọ̀gá ti lé lógójì. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó ṣí aṣọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó ní òógùn ojú òun ni gbogbo rẹ̀. Alápatà kan tí wọ́n jọ dàgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí mọ́tò nínú dígí. Láyé ọmọdé wọn, ìṣó ni kálukú fi ń fá àmì sábẹ́ mọ́tò rẹ̀, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

“Ọ̀gá, ẹja tí mo yà rèé.”

Ẹlòmíràn rí àkàbà tirẹ̀. Ìyá àgbà kan rí ìràwọ̀ tirẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti tò síwájú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó wá ponmi.

Ọ̀gá ń làágùn. Ó ní, “Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé kò sọnù.”

Àbúrò rẹ̀ aránṣọ, tó wà láàárín èrò, kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ bọ́ọ̀sì kan tó ti di búlúù. Abẹ́ rẹ̀ pupa. Oòrùn kékeré wà níbẹ̀, ọwọ́ bàbá wọn ló yà á. Omi dà lójú rẹ̀. Ó mú un jáde, ó sì dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí àwọn sọ ọ́ nílé.

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Níbí ni kí ẹ ti sọ ọ́. Ta ló sọ ọ́ nù?”

Ọ̀gá wolẹ̀.

“Kì í ṣe ìwọ,” ló wí. “Èmi ni mo jí i.”

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.