Ọmọ Tí Mo Jí Gbé Ní Sọ́ńgò

Ọjọ́ kan wà tí ikú nìkan ló lè mú un kúrò lọ́kàn mi. Ní Sọ́ńgò ni, àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú Tamale ní Gánà, lásìkò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé gíga dé, tí mo ru àpótí ìwé kan bọ̀, tí mo sì ń fi imú sọ̀rọ̀.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta la kọ́lé yí àgbàlá kan ká: èmi, Làmídì tó ń ta aṣọ, àti Àlùfáà Sálíù, ará Ìlọrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì. Àwọn ọmọ wa kò mọ èyí tó jẹ́ ilé tiwọn. Ibi tí ebi bá ti pa ọmọ ló ti ń jẹun, ibi tí oorun bá ti gbé e ló ń sùn, ẹwù tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ni yóò wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Mo ní ìwé kan nípa ọmọ títọ́. Òyìnbó ló kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ pé kò bímọ. Mo bá pe gbogbo wọn jọ, mo kéde pé Nímọ́tà ọmọ mi, ọmọ ọdún márùn-ún, yóò máa jẹun nílé bàbá rẹ̀ nígbà tí aago bá lù, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní nǹkan kan láìbi mí.

"A ti gbọ́, Ọ̀mọ̀wé," ni Ìyá Rábì, ìyàwó Làmídì, wí. "Bó bá fẹ́ ṣu ńkọ́, aago mélòó ni kó ṣu?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni Sàfúrá ìyàwó mi lọ sí ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Kumasi. Ó ní kí n gbé Nímọ́tà fún Ìyá Rábì. Mo ní láéláé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ tí ọkọ̀ Sàfúrá yóò dé, mo ń ka ibi tí òyìnbó náà ti sọ pé kí bàbá má ṣe gbójú kúrò lára ọmọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ ti lọ.

Kànga tuntun kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọn kò tíì fi ìdérí bò. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sá lọ. Mo wo inú rẹ̀ títí òòyì fi kọ́ mi. Ojú èmi ọ̀mọ̀wé nìkan ni mo rí nínú omi. Ẹlòmíràn ì bá kígbe. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ béèrè ọmọ mi lọ́wọ́ àwọn tí mo kìlọ̀ fún, kí Sàfúrá tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni gbogbo Sọ́ńgò yóò ti gbọ́. Mo bá ṣe bí ẹni tó kàn wá kí wọn.

Nílé Làmídì, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. A kì í bá ọ̀rẹ́ nídìí oúnjẹ ká kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwo àwọn ọmọ, mo ń gbé tùwó mì bí ẹni gbé òkúta mì, ojú mi sì ń wá ẹwù funfun tí mo rà fún Nímọ́tà ní Accra. N kò rí i.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé kò sí?" Làmídì bi mí. "O ń wo orí àwọn ọmọ bí ẹni fẹ́ ra àgùntàn."

"Kò sí," ni mo wí. Òógùn ti bò mí.

Nílé Àlùfáà, wọ́n tún gbé kókó, ògì gbígbóná, lé mi lọ́wọ́. Ìkánjú kò jẹ́ kí n dúró kó tutù. Ahọ́n mi bó. Bí mo ti jáde, mo rí ẹwù funfun náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń lọ sí ojú títì tí àwọn lọ́rì ń gbà. Ọkàn mi já. Mo sáré, mo ki ọmọ náà mọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo gbé e kọ́ èjìká, ó di ilé. Mo ti ìlẹ̀kùn pa, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìtíì wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ọkàn mi tó balẹ̀. Ó jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì gbójú sókè.

"Bàbá Nímọ́tà, ẹran dà?"

Rábì ni.

Ó ní òun àti Nímọ́tà ló pààrọ̀ ẹwù. Nímọ́tà wá ńkọ́? "Ó wà nílé wa. Màmá fá orí ẹ̀ nítorí iná orí. Ṣebí ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ jẹun lẹ́ẹ̀kan."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ariwo sọ lóde. Ẹnìkan ti rí ọkùnrin kan tó gbé ọmọ Làmídì sá. Ìyá Rábì ń sáré lọ sídìí kànga láìwé gèlè, ó ń fi ohùn tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ti Rábì síta. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé mi, ó gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ń sunkún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Nímọ́tà ti yọ, orí rẹ̀ ń dán, ó wọ dàńṣíkí ọmọkùnrin. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí nídìí àwo.

"Ẹ ì bá gbé mi lọ," ló wí, "ẹran ò sì tíì kàn mí."

"Ọ̀mọ̀wé," Ìyá Rábì rọra wí, "ẹnu la fi ń béèrè. Kí ló ṣe ẹnu yín?"

Ibẹ̀ ni a wà tí Sàfúrá fi yọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó wo èrò, ó wo èmi. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Mo wo Ìyá Rábì. Omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀.

"Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀?" ló wí, ó sì ń gbọn eruku ìdí rẹ̀. "Ọkọ ẹ ló ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, jàre."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ irú ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún mi. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ tó ń bá a tọ́mọ, kó má jẹ́ kí ìtìjú pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ mẹ́wàá la jọ tọ́ ní àgbàlá yẹn. Bí mo bá jókòó tí mo ń kà wọ́n báyìí, mọ́kànlá ni mo máa ń bá, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sínú, nítorí mo mọ èyí tó dàgbà jù nínú wọn, èyí tó ru àpótí ìwé bọ̀, òun náà ló sì ṣòro tọ́ jù.