Modébẹ̀ Mú Àwọn Àna Rẹ̀ Lọ Sílé-Ìwé Fádà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní orúkọ tí bàbá wa sọ àbúrò mi yìí, torí kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Modébẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ibi yòówù kẹ́ ẹ dárúkọ, ó ti débẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ òkun, ó ti wẹ̀ ẹ́ já. Ẹ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló jókòó sí, kódà òun ló bá a di ọwọ́ ọkọ̀ mú nígbà tí awakọ̀ ń sín! Fíríjì ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á.

Ṣé ẹ máa gbà gbọ́ pé ọkùnrin yìí rí ìyàwó? Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Inú mi dùn débi pé mo ti rán aṣọ tí màá wọ̀ síbi ìgbéyàwó. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, kò ná mi ju òwú lọ. Modébẹ̀ ti ń wọ ogójì ọdún, pálọ̀ mi ló ṣì ń sùn sí, irọ́ rẹ̀ ni mo sì ń gbọ́ láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Ó yẹ kí ẹlòmíràn náà bá mi gbà á.

Ọjọ́ tí mo mú un lọ kí àwọn òbí ọmọ náà, ọmọ fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá. Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá bi í.

"Ọmọ mi, níbo lo ti kàwé?"

Kí ló le níbẹ̀? Ilé-ìwé ẹ̀yìn ọjà ni àwa méjèèjì lọ, ibi tí ewúrẹ́ ti máa ń wọlé wá gbọ́ ìṣirò. Mo ti ń mi orí sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Modébẹ̀ na ọrùn, ó ní:

"Ilé-ìwé Fádà ni, sà. Ilé pupa tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Inú ibẹ̀ ni mo sùn, inú ibẹ̀ ni mo jí, èmi gan-an ni olórí akẹ́kọ̀ọ́!"

Bàbá wo ìyá. Ìyá wo bàbá. Ìyá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ilé-ìwé yẹn kẹ̀?" ni bàbá wí. "Ilé àtijọ́ máa ń wù mí. Ní Sátidé, wá mú gbogbo wa yíká ibẹ̀. Tó o bá ti fi hàn wá tán, ibẹ̀ la ó ti dá ọ lóhùn, yálà a fún ọ lọ́mọ wa tàbí a ò fún ọ."

Bí a ṣe jáde báyìí, mo di etí rẹ̀ mú.

"Ìwọ! O ti gun òkè yẹn rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé kì í ṣe ilé-ìwé ni? Pátákó, àga, Fádà. Kí ló tún kù?"

Mo ní kó padà wọlé lọ jẹ́wọ́. Ó ní òun ò lè fi ọwọ́ ara òun lé ìyàwó lọ.

Sátidé pé, nọ́ọ̀sì náà sì bá wa lọ. Ẹ wo ilé, ẹ̀yin èèyàn mi! Ayé ìjọba òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bíríkì pupa ni látòkè délẹ̀, òpó funfun yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ká, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé èèyàn lè tẹ́ ẹní sójú fèrèsé kó sùn. Àwọn fèrèsé onípákó náà ga fíofío, orí wọn rí bí ìdajì òrùka. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kó lọ sílé tuntun lẹ́yìnkùlé, àwọn àlejò ló ń wá wo èyí báyìí.

Lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbẹ́ nǹkan sára òkúta: MDCCCXCVI.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" Bàbá béèrè.

Modébẹ̀ wúkọ́. "Orúkọ Fádà tó kọ́ ilé yìí ni, sà."

"Pè é ká gbọ́."

"Fádà Múdúkúsúkì. Háà, èèyàn jẹ́jẹ́! Ó máa ń fún mi ní súìtì."

"Ṣé kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ́ ọ ni? Ọdún 1896, bí àwọn ará Róòmù ṣe ń kọ nọ́ńbà."

"Òun náà ni, sà! Ọdún yẹn ni wọ́n bí Fádà, ni wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ."

"Ọdún tí wọ́n bí i náà ló kọ́lé?"

"Ó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sà."

Nọ́ọ̀sì wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, òógùn ló bò mí.

Ibẹ̀ ni Sístà kan ti yọ sí wa, aṣọ funfun lọ́rùn, ìbòrí lórí. "Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. Kí n tó ráyè fa Modébẹ̀ láṣọ, ó ti sáré bọ́ síwájú.

"Ẹ kú ilé o, ìyàwó Fádà! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Yéè! Mo gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ ò lanu. Sístà kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fádà kì í gbéyàwó, ọmọ mi. Sístà ni mí."

"Ó ti yé mi! Àbúrò Fádà! Abájọ tẹ́ ẹ fi jọra!"

A wọ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nínú ilé náà. Abọ́ òkúta kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, omi mímọ́ ló wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó ti ìka bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ṣe àmì àgbélébùú. Modébẹ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó bọ́jú, ó wá fi èyí tó kù yọ ẹnu. "Bí a ṣe máa ń ṣe nìyí tá a bá gbá bọ́ọ̀lù tán," ó ní.

Ó tún rí àpótí gàgàrà onígi kan, tó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé oníhò wínníwínní. "Ibí la ti máa ń fóònù ilé."

"Ibẹ̀ la ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀," ni Sístà wí.

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. "Ṣé kò ní wù ọ́ kó o wọlé díẹ̀?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ó fa Modébẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Jọ̀ọ́, ṣé o lọ ilé-ìwé yìí lóòótọ́? Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún mi báyìí. Mi ò ní bínú."

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà àbáyọ rè é! Modébẹ̀ gbá àyà. "Èmi? Wá, jẹ́ kí n fi fọ́tò mi hàn ọ́!"

Ó sáré gun àtẹ̀gùn onípákó, tó ń dún kẹ́ẹ́rẹ́kẹ́, gbogbo wa tẹ̀ lé e dé gbọ̀ngàn òkè. Fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kún ara ògiri, gbogbo rẹ̀ ti ṣá. Modébẹ̀ yan ọ̀kan, ó nàka sí ọmọ kan tó gẹrun mọ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín níwájú.

"Èmi rèé!"

Bàbá súnmọ́ ọn. "Kí ló dé tó o wọ gáùn?"

"Aṣọ akọrin ni, sà."

"Rìbọ́nù ọrùn yẹn ńkọ́?"

"Olórí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́."

Sístà ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọmọ mi, kò sí Fádà tó darí ilé-ìwé yìí rí. Ilé-ìwé Sístà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, obìnrin nìkan là ń gbà."

Ìyá ìyàwó, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀, rìn wá síbi fọ́tò náà. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹni tó o nàka sí yẹn," ó ní, "èmi ni."

Ẹ gbà mí! Nọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Màmá, ilé-ìwé Sístà tẹ́ ẹ máa ń sọ nìyí? Ilé-ìwé Fádà ni Modébẹ̀ pè é fún mi!"

Modébẹ̀ kúnlẹ̀ gbì níwájú bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni mo pa! Ẹ̀yìn ọjà ni mo ti kàwé. Ẹ̀rù ló bà mí. Tíṣà ni yín, nọ́ọ̀sì lọmọ yín, mo rò pé ẹ ò ní fi fún ẹni bíi tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, sà, ìyẹn nìkan ni mi ò parọ́ ẹ̀!"

Bàbá káwọ́ lérí. "Ó lọ ilé-ìwé obìnrin. Ó wọ gáùn. Ó so rìbọ́nù. Ó wá kúnlẹ̀ kí mi! Ṣé àwọn ọkùnrin ò dọ̀bálẹ̀ mọ́ ni?"

Modébẹ̀ na gbalaja sílẹ̀, táì rẹ̀ há sábẹ́ ara rẹ̀. Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ kù sí. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

Nọ́ọ̀sì wò ó nílẹ̀ títí, ó nu omi ojú.

"Mo ṣì fẹ́ ẹ, Bàbá. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi bi í: nínú àwa méjèèjì, ta ni ìyàwó?"