Ẹjọ́ Wáyà Tó Ń Jò ní Ojúde Àríkẹ́

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Mágàjí ní Ìlọrin lánàá, inú Mágàjí kò sì dùn sí i rárá. Láwàní rẹ̀ tó fọ̀ ń gbẹ lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, lórí wáyà tẹligíráàmù tí àwọn òyìnbó fà lọ sí Jẹ́bà. Kò sí okùn mìíràn tó gùn tó láwàní náà.

Táòfíkì, òṣìṣẹ́ wáyà, ló pẹjọ́.

"Ranka dédé, Mágàjí. Mànàmáná tó yẹ kó máa jáde nínú bátìrì wa, mẹ́wàá ni. Mọ́kàndínlógún ló ń jáde báyìí. Mẹ́sàn-án ń jò sílẹ̀ lọ́nà, iṣẹ́ tí a rán kò dé Jẹ́bà mọ́. Ọ̀gá mi ní bí n kò bá rí ibi tó ń jò lónìí, kí n máa lọ sílé. Àríkẹ́ aláró ni mo fura sí."

"N kò fọwọ́ kan wáyà yín rí, wọ́láhì!" ni Àríkẹ́ wí.

Àúdù, aládùúgbò rẹ̀, jẹ́rìí: "Mo rí i. Ìdì owú tútù mẹ́ta ló sá síbẹ̀."

Salimat, ọ̀rẹ́ Àríkẹ́, fò dìde láti gbè é. "Irọ́ ni! Ìdì kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo di àpótí mú tó fi gùn ún!"

Àwọn ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, mo sá a," ni Àríkẹ́ wí. "Ṣé wáyà yín sálámà kó tó wọ ojúde mi? Àlejò tó ti dúró sí ojúde mi láti ọdún tó kọjá, ṣé kò lè bá mi gbé owú díẹ̀ dání ni?"

Dògarí, ẹ̀ṣọ́ ààfin, lọ ká owú náà kúrò. Táòfíkì wo ẹ̀rọ ìwọ̀n tó so mọ́ wáyà níwájú ààfin.

"Ó ti wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlógún."

"Alihamdulilahi!" Mágàjí ti ń dìde. "Ẹjọ́ parí."

"Kò tíì parí, Mágàjí. Mẹ́fà ṣì ń jò."

"Kí ni mẹ́fà jámọ́? Fi ṣe sàárà."

"Ọ̀gá mi kì í ṣe sàárà. Agbára bátìrì wa jẹ́ ọgbọ̀n. Mẹ́ta ló ń gba ara owú Àríkẹ́ jò. Ẹ fi mẹ́ta pín ọgbọ̀n: ìdènà owú, ìyẹn bó ṣe ń dí mànàmáná lọ́nà tó, jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ wá fi mẹ́fà pín in: ìdènà ohun kejì jẹ́ márùn-ún péré. Bí aṣọ tútù bá ṣe nípọn sí i ni ìdènà rẹ̀ ń dínkù: aṣọ tútù kan tó kanlẹ̀ ni, ó sì nípọn tó owú Àríkẹ́ lọ́nà méjì."

"Kí ló wá lè jẹ́?" Mágàjí béèrè, ó ń wo àjà.

Àríkẹ́ ń wo fìlà pẹlẹbẹ tó wà lórí Mágàjí. "Mágàjí, láwàní yín dà lónìí?"

Ojú ti Mágàjí débi pé ó fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n ó rí ojú Táòfíkì tó ti pọ́n, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Dògarí, lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí o bá rí, mú un wá. Má bi mí ní nǹkan kan."

Kò pẹ́ tí Táòfíkì fi pariwo: "Mẹ́wàá géérégé!"

Mágàjí jókòó, ó dá ẹjọ́.

"Láwàní jẹ̀bi. Mo gbà á lọ́wọ́ ara mi. Ẹ lọ́ ọ bí okùn, kí ẹ so ó mọ́ igi méjì ní ojúde Àríkẹ́, kó máa sá owú sórí rẹ̀, kó sì fi wáyà sílẹ̀. Táòfíkì, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Fìlà ni n ó dé lọ kírun Jímọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níbí ni yóò máa bá Àríkẹ́ pọn omi aró."

Gbogbo wọn di ẹnu mú. Mágàjí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.