Ewúrẹ́ Tó Jẹ́rìí ní Ọ̀dàn-Ẹṣin

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín ló mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa wí pé awọ tí a kò fọ iyọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò jẹ́rìí sí i? Ẹ ń pa á lówe, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pe ẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàmú, oníṣẹ́ awọ ní ìlú Ọ̀dàn-Ẹṣin, ṣe iṣẹ́ tí kò dára, ó mọ̀ pé kò dára, ó sì jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru ewúrẹ́ opó. Ohun tó ṣe nìyẹn. N kò ní torí pé ìtàn náà dùn kí n bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹṣin méjìlá ló wà ní Ọ̀dàn-Ẹṣin. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àrùn kan wọ àárín àwọn ẹṣin ní gbogbo agbègbè náà. Ní ìlú tó wà lápá ọ̀tún wọn, gàárì nìkan ló ṣẹ́ kù. Ní èyí tó wà lápá òsì, ènìyàn ló wá ń ru ẹrù tí ẹṣin ń rù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀dàn-Ẹṣin, ẹyọ kan kò kú. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Bùsàrí pàápàá, olùtọ́jú ẹṣin Baálẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ìyìn kọjá lójúde òun, jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ló wò wọ́n sàn.

Baálẹ̀ bá ní, "Ohun rere tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ọpẹ́ ni ká fi gbà á."

Ni wọ́n bá dá ọjọ́ ọpẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ní gun ẹṣin. Ọwọ́ ni wọn yóò fi fà wọ́n yí ìlú ká, kí wọ́n sinmi ẹrù, kí gbogbo ayé sì rí wọn láàyè. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdè-orí tuntun. Ẹ mọ ìdè-orí: òun ni awọ tí a rán yí imú àti ẹ̀yìn etí ẹṣin ká, tí a ń so okùn mọ́ lábẹ́ àgbọ̀n láti fi fà á. Kò ní irin nínú ẹnu bíi ti ìjánu. Ẹni tó bá fi ìdè-orí fa ẹṣin, ìfẹ́ ló fi ń fà á.

Iṣẹ́ Àlàmú nìyẹn. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, òfin kan ṣoṣo ni bàbá náà sì fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú. Ẹ mọ̀ pé iyọ̀ ni àwọn alápatà fi ń pa awọ tútù lára kí ó má bàa jẹrà. Bàbá ní, "Ọjọ́ méje nínú odò tó ń ṣàn. Lẹ́yìn náà, fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí ahọ́n rẹ bá ṣì gbọ́ iyọ̀, dá a padà sínú odò. Má bá ahọ́n jiyàn."

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Baálẹ̀ fún Àlàmú. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, ẹnu ló fi rán ìdè-orí. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ pé èmi ni wọ́n fún?" Ó dé ìdí ayò, ó ní, "Ẹ máa rí ọnà." Ó lọ kí àna rẹ̀, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó ń fi ìka ya bí ìdè-orí yóò ṣe rí sórí ilẹ̀ fún wọn. Nígbà tó fi máa ka ọjọ́ tó kù, mẹ́sàn-án péré ni.

Bí ó bá gbé ọjọ́ méje fún odò, ọjọ́ méjì ni yóò fi gé awọ, tí yóò fi rán an. Kò lè ṣeé ṣe. Bí ó bá lọ bá Baálẹ̀ pé, "Baba, mo fi àkókò ṣòfò, ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ kún un," ojú yóò tì í fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ìtìjú ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ló sá fún. Ó da omi sínú ìkòkò ńlá, ó ti awọ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó yọ ọ́ lọ́sàn-án. Omi inú ìkòkò kì í ṣàn. Iyọ̀ tó jáde lára awọ, ibẹ̀ náà ló jókòó sí. Lẹ́yìn náà ó fi èèpo igi sọ awọ náà di líle, ó pa á láró pupa, ó fi òrí pa á títí ó fi ń dán. Kò fi ahọ́n tọ́ ọ wò o. Ó ti mọ ohun tí ahọ́n yóò sọ.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òòlu tó fi ń lu awọ kò ṣi ojú ihò kan, okùn ìrán rẹ̀ jẹ́ oníméjì-méjì, ìka méjì gan-an ló lè wọ abẹ́ ìdè-orí kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe yẹ kí ó rí lára ẹṣin. Ó fi òrùka irin sí ibi tí okùn yóò gbà. Nígbà tí ó rán méjìlá pé, ó fi wọ́n kọ́ sórí ọgbà kí wọ́n gbẹ, ó wọlé lọ jẹun.

Ní ilé kejì ni Ìyá Àwẹ̀ró ń gbé, opó kan tí kò ní ohun ọ̀sìn mìíràn ju ewúrẹ́ dúdú kan lọ. Dúdúyẹmí ló ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Lọ́dún náà, Dúdúyẹmí ti bí ọmọ méjì, ọmú ni wọ́n ṣì ń mu.

Àlàmú jẹun tán, ó jáde. Ìdè-orí mọ́kànlá ló wà lórí ọgbà. Dúdúyẹmí dúró lábẹ́ ibi tí ìkejìlá wà tẹ́lẹ̀, ó ń jẹnu lọ́wọ́, òrùka irin ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè rẹ̀ bí ìkòkò tábà lẹ́nu àgbàlagbà.

Igbe tí Àlàmú fi ta, ó kó ìlú jáde. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé iwájú Baálẹ̀.

"Olè ni, Baba!" ni Àlàmú ń wí. "Ọpẹ́ ìlú ló jẹ yẹn! Ó gbé ọpẹ́ ìlú mì!"

Ìyá Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó ní, "Àlàmú ọmọ mi, láti ìgbà ayé bàbá rẹ ni awọ ti ń gbẹ lórí ọgbà yẹn. Ó gbẹ lójú Dúdúyẹmí, ó gbẹ lójú ìyá rẹ̀, ó gbẹ lójú ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀kankan nínú wọn kò fẹnu kàn án rí. Kí lo fi sí tìrẹ?"

"Ìyá, kí ni kí n fi sí i? Ṣé ẹ rò pé mo se é lọ́bẹ̀ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlàmú, ṣé o fọ awọ náà bí bàbá rẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó rántí gbogbo ẹnu tó ti fọ́n ní ìdí ayò, ó ní, "Ọjọ́ méje gbáko, Baba. Nínú odò."

Baálẹ̀ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nítorí orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi máńgòrò ní ojúde òun, kí wọ́n pa á fún àwọn àlejò lọ́jọ́ ọpẹ́. Ìyá Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó, ó fi okùn bọ̀ǹbọ́, èèpo igi lílọ́, so ó, ó dì í dáadáa nítorí pé olóòótọ́ ni. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ó ń kó ọmọ méjèèjì wá kí wọ́n wá mu ọmú. Bí Àlàmú bá ń kọjá, yóò gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò. Ewúrẹ́ náà a sì máa na ọrùn sí i. Àlàmú rò pé èpè ló ń ṣẹ́. Rárá o. Iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rí.

Ó sáré rán ìdè-orí mìíràn dípò èyí tí wọ́n jẹ, láti ara awọ kan náà.

Ọjọ́ ọpẹ́ pé. Òjò wínníwínní kan wẹ ìlú ní ìdájí, oòrùn sì tẹ̀lé e. Àwọn àlejò láti apá ọ̀tún àti apá òsì ti jókòó. Wọ́n fa ẹṣin méjìlá jáde, orí wọn pupa fòò. Bí oòrùn ṣe ń gbẹ awọ náà, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Àlàmú, kí ni funfun yìí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ọnà ni, Baba."

"Ọnà tó ń jáde fúnra rẹ̀?"

"Tuntun ni."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún ọnà tuntun. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́, ẹṣin kejì na ọrùn, ó fi ahọ́n lá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin àkọ́kọ́. Ẹṣin kẹta lá ti ìkejì. Àgbàlagbà kan láàárín àlejò nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ ò rí i! Àwọn ẹranko ń kí ara wọn kú ewu! Àwa ènìyàn kò mọ ọpẹ́ dá tó báyìí."

"Wọ́n mà fẹ́ràn ara wọn o," ni Bùsàrí wí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, nítorí pé àkọ́kọ́ àti ìkejì kì í bá ara wọn jẹ koríko lójú kan.

Lílá di jíjẹ. Ẹṣin méjìlá yí po di òbìrípo, oníkálukú ń jẹ ìdè-orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Awọ ń já fàà, fàà. Òrùka irin ń bọ́ sílẹ̀ wọ́lọwọ̀lọ. Àwọn tó ń fa ẹṣin di okùn mú, kò sí ẹṣin ní ìdí okùn mọ́. Ni ewúrẹ́ ìlú bá gbọ́ òórùn. Ogójì ewúrẹ́ ló tú jáde láti gbogbo agbo ilé, àgùntàn tẹ̀lé wọn, màlúù kan tí a kò mọ olówó rẹ̀ dé láti inú igbó. Wọ́n jẹ ìdè-orí tán, wọ́n wò yíká, wọ́n rí Àlàmú. Aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ náà ló wọ̀ wá, kò sì fọ̀ ọ́. Iyọ̀ wà lára ṣòkòtò, iyọ̀ wà lára fìlà, iyọ̀ wà ní ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

"Ẹ gbà mí o!"

Ó sá yí ojúde ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìyípo kejì, fìlà lọ. Ní ìkẹta, apá kan ṣòkòtò lọ. Ó gun igi máńgòrò bí ọ̀bọ. Ẹṣin, ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù àjèjì dúró sábẹ́ igi, gbogbo wọn gbójú sókè, bí ìgbà tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ìyá Àwẹ̀ró dìde, ó nawọ́ sí ìdí igi. Dúdúyẹmí wà níbẹ̀, okùn bọ̀ǹbọ́ lọ́rùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Gbogbo ẹran ìlú ló ti tú, ọ̀daràn nìkan ló ṣì wà níbi tí wọ́n so ó sí.

Ó ní, "Baálẹ̀, mo fẹ́ béèrè. Ṣé òun náà ló jẹ méjìlá yìí?"

Bùsàrí ṣa awọ kan tó kù nílẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án. Ojú rẹ̀ yí. "Iyọ̀ ni, Baba! Ká ní ọbẹ̀ ni, ìyàwó mi ì bá gba ìbáwí."

Baálẹ̀ wo igi. "Ọjọ́ mélòó, Àlàmú?"

Ohùn kékeré kan jáde láti àárín ewé, ó ní, "Àárọ̀ sí ọ̀sán, Baba."

"Nínú odò?"

"Nínú ìkòkò."

Ẹ ó rò pé Baálẹ̀ yóò bínú. Kò bínú. Ó kọ́kọ́ fi ojú wá àwọn ẹṣin, ó kà wọ́n, méjìlá pé, wọ́n ti ń jẹ koríko lábẹ́ igi. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí a kò gun wọ́n lónìí. Ẹni tí ì bá ṣubú nínú wa kò ṣubú. Ọpẹ́ sì ni fún ewúrẹ́ yìí, tó sọ fún wa ṣáájú, tí a kò gbọ́. Ẹ tú u sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró, mo ṣẹ̀ yín, mo gba ẹnu gbọ́ ju ojú lọ. Àlàmú, sọ̀kalẹ̀. Ẹni méjì lo parọ́ mọ́, ẹni méjì ni wàá bẹ̀."

Wọ́n lé ẹran sẹ́yìn fún un. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìlú àti àlejò, orí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró àti ti Dúdúyẹmí.

Ó ní, "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Èmi ló yẹ kí wọ́n so mọ́ igi yìí. Ọjọ́ méje tí mo jí lọ́wọ́ odò, màá dá a padà. Màá tún méjìlá rán láì gba nǹkan kan, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa tọ́ awọ wò kí n tó gé e. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò ṣẹ́ mi lépè. Dúdúyẹmí, ìwọ náà, jọ̀wọ́."

Dúdúyẹmí tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá a lórí, láti iwájú dé ìpàkọ́. Bùsàrí sáré wá láti fà á kúrò.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Àlàmú wí, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni kò tíì parí. Gbogbo ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọmọ yín: awọ tí a kò fọ iyọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò jẹ́rìí sí i."